Káàdì Abẹ́rẹ́ Tí Màámi Tọ́jú

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ọmọ ọjọ́ kan ni mí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti gbé ọ̀rá pẹlẹbẹ kan kọ́ sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ohun pupa tó wà nínú rẹ̀ sì ń kán wọ ara mi díẹ̀díẹ̀ látinú rọ́bà tín-ín-rín. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fa mùdùnmúdùn náà jáde látinú egungun ìbàdí àbúrò mi, Ràṣákì, tó dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé bóyá ìrẹsì wà.

"Òní ni ọjọ́ ìbí rẹ tuntun," ni nọ́ọ̀sì náà wí. Jénì ni orúkọ rẹ̀.

Mo ní ó ṣeun. Ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí kò yé mi. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé Ìlú Ọba: bí nǹkan kò bá ti yé mi, màá dúpẹ́, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń dúpẹ́, wọn kì í bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Kì í ṣe àìsàn ló gbé mi kúrò ní Ìsọlọ̀. Ìwé ni mo wá kà. Mo ti gboyè jáde nílé, mo ti sin ìjọba, mo sì ti fi ọdún kan ààbọ̀ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fèsì sí, kí n tó rí ààyè ní yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èèyàn ló bá mi yọ̀. Èmi náà yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú ayọ̀ náà, mo sì rò pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, yóò dà bí ìwà àìmoore. Nítorí náà mo gbé e pamọ́ sínú, mo gbé e wá síbí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí ni ìdákẹ́jẹ́. Nínú ilé tí a ń gbé ní ọ̀nà Ailegun, o ò lè gbé omi ojú fífọ̀ jáde láàárọ̀ láì kí èèyàn mẹ́fà. Nínú ilé tí mo dé sí níbí, èèyàn mẹ́fà ni àwa náà, oṣù kan sì kọjá kí n tó mọ orúkọ ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá mi wá a. Àwa méjèèjì wá a títí, nítorí ojú tì mí láti sọ pé kò sí nǹkan tó jábọ́.

Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, a ń to páálí àwọn ọjà tí àwọn èèyàn rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ru símẹ́ńtì. Àmì dúdú ń yọ ní apá mi, mo ní páálí ló ń gbá mi. Imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ní òtútù ni. Màámi náà ní òtútù ni.

"Ṣé ò ń wọ ìbọ̀sẹ̀?"

"Mò ń wọ̀ ọ́, mà."

"Méjì méjì?"

"Méjì méjì, mà."

"Ó dáa. Máa fi omi gbígbóná sí i."

Ọjọ́ tí mo dákú sáàárín àwọn páálí ni wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní egungun mi ti dẹ́kun ṣíṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní inú egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pé inú tèmi ti ṣófo, pé ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀, àti pé àfi kí a rí mùdùnmúdùn ẹlòmíràn tó bá tèmi mu. Àwa méjì péré ni Màámi bí. Ràṣákì bá mi mu pátápátá, ó sì wá.

Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni Ràṣákì ń ṣe ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé fún wa pé wọ́n máa kọ́kọ́ fi oògùn líle pa gbogbo èyí tó ṣẹ́kù nínú egungun mi kí wọ́n tó fi tirẹ̀ sí i, èmi ń sunkún, òun ń mi orí bí ọ̀gá tó ń gbọ́ àlàyé ọmọṣẹ́.

"Ó yé mi," ló wí. "Àǹtí mi, ẹ má bẹ̀rù. Bí a ṣe ń ṣe fíríìjì náà nìyẹn. A máa ń fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní ká tó rọ gáàsì tuntun. Tí ẹ bá rọ tuntun lé àlòkù lórí, kò ní tutù."

"Fíríìjì ni mí?"

"Kí ẹ ṣáà ti máa tutù ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó padà sílé, ó fi mùdùnmúdùn rẹ̀ sílẹ̀ lára mi.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, inú yàrá kan ni mo ti lò ó. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó ń gba ara lọ́wọ́ àrùn kò tíì gbọ́n. Wọ́n ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí ogun rí. Nítorí náà mi ò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì, mi ò gbọdọ̀ jẹ ewébẹ̀ tútù, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan erùpẹ̀, mi ò gbọdọ̀ gbé ọmọ tí ikun ń yọ nímú rẹ̀. Mi ò mọ ọmọ kankan níbí, ikun ń yọ nímú rẹ̀ ni o, kò yọ ni o. Síbẹ̀ gbólóhùn yẹn dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, mo sì ronú fún ọjọ́ mélòó kan nípa ìdí tó fi dùn mí, mi ò rí ìdí náà.

Màámi ń ta aṣọ ọmọdé ní Ọ̀ṣòdì. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu àwa méjèèjì, tí kò sì wu ẹnì kankan láti pa fóònù, ó máa ń gbé tirẹ̀ lé orí àwọn aṣọ, á sì máa tajà lọ. Èmi á dùbúlẹ̀, màá máa tẹ́tí.

"Ìyàwó mi, súnmọ́ ibí. Ọmọ oṣù mélòó ni?"

"Oṣù mẹ́rin, mà. Ṣùgbọ́n ó sanra."

"Tó bá sanra, mú ti oṣù mẹ́fà. Ọmọ kì í padà kéré."

Oṣù mẹ́rin ni èmi náà nígbà yẹn, bí a bá ka ọjọ́ orí mi bí Jénì ṣe ń kà á. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Mo fẹ́ kí Màámi wọn èmi náà. Mo fẹ́ kó na aṣọ kan sí mi láyà, kó sọ èyí tó máa gbà mí lóṣù méjì sí i.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní mo lè máa jẹ ọbẹ̀ bó ṣe wù mí, níwọ̀n ìgbà tí mo bá sè é jinná. Mo se ẹ̀gúsí. Mo lọ edé sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí edé ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí ọbẹ̀ ń jẹ. N ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ètè mi fi wú, tí ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nínú ilé wa, Ràṣákì nìkan ni edé kọ̀. Láti kékeré, bó bá ti fẹnu kàn án, ara rẹ̀ á lé. Mo pè é.

"Ẹ kú oríire," ló wí. "Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín."

"Kí ló dé?"

"Èèwọ̀ mi."

"Ràṣákì, mi ò fẹ́ ẹ. Wá gbà á."

"Ọjà tí a ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹ bi Màámi."

Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ mi pàápàá ti yí padà sí ti Ràṣákì, àti pé bí wọ́n bá gbé ìkán ẹ̀jẹ̀ mi kan lọ fún ẹni tí kò mọ̀ mí, onítọ̀hún á ní ọkùnrin ló ni ín. Ó sọ ọ́ bí ohun àrà tó dùn ún gbọ́. Mo ní ó ṣeun.

Mo rò ó, mo rò ó. Níbí, bí mo bá la ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ti mọ èsì ìyẹn. Ṣùgbọ́n báyìí àwọn àlejò kan láti Ìsọlọ̀ ti kó wọ inú egungun mi, wọ́n ń kọ́lé síbẹ̀, wọn ò tíì mọ àdúgbò, wọ́n ń yọjú wo oúnjẹ tí mo fẹ́ràn, wọ́n ń sọ pé àwọn ò jẹ ẹ́. Èmi ṣí wá sí ìlú onílùú, àwọn náà ṣí wá sínú mi. Ta wá ni onílé? Mi ò mọ̀ bóyá kí n kí wọn káàbọ̀ ni, tàbí kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lé mi jáde.

Nígbà tó pé ọdún kan, Jénì ní ó tó àkókò láti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ní mo ti gbà wọ́n tán ní kékeré, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Wọ́n ti parẹ́," ló wí. "Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ni oògùn pa. Àwọn tuntun yìí kò mọ nǹkan kan. Díẹ̀ nínú ohun tí àbúrò rẹ mọ̀ lè bá wọn wá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé. Bí ọmọ ọwọ́ la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ èyí fún Màámi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mi ò sọ ọ́, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Màámi ní káàdì kan. Káàdì abẹ́rẹ́ ìgbà ọmọdé mi ni, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó bí mi. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Gbogbo àyè inú rẹ̀ ló kún, ọjọ́ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀, kò sí ọjọ́ kankan tó yẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni Màámi kà, wọn ò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí nítorí wọ́n ti fà á lọ sí ìdí ọjà kí ìdánwò tó dé. Káàdì yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó máa ń fi han àwọn ìyá ọmọ tó bá wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Wò ó," á ní, "kò sí èyí tí mo fò." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́? Nítorí náà mo ń lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ikọ́ efée, rọpárọsẹ̀, ipá, apá mi ń wú, mo sì ń sọ fún Màámi lórí fóònù pé mo lọ yẹ ara wò ni.

Bí ọdún kejì ṣe ń sún mọ́, Ràṣákì ní òun fẹ́ gbéyàwó. Bùṣírá ni orúkọ ọmọbìnrin náà, olùkọ́ ni, ará Ire-Akari. Wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì.

"Àǹtí mi, ẹ máa wá," ni Ràṣákì wí. "Ta ló fẹ́ da omi sí i lẹ́sẹ̀?"

Ní ilé wa, ìyàwó kì í wọlé ọkọ láìjẹ́ pé wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ilé ló máa ń ṣe é. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tí bàbá wa fi sílẹ̀ sáyé lọ. Láti ìgbà tí Ràṣákì ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un pé bó bá mú ìyàwó tí kò dára wá, omi tútù ni màá fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní màá wá. Lọ́jọ́ yẹn, ó dá mi lójú, ìdánilójú náà sì dùn mọ́ mi débi pé mi ò fẹ́ bi í ní ìbéèrè kankan.

Dókítà ló béèrè. Ó ní ibà pọ́njú wà ní ilẹ̀ wa, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí àwọn tí mo ti ń gbà. Kòkòrò àrùn náà gan-an ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀, láàyè, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ti dàgbà, á fi í kọ́ bí a ṣe ń jà. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì dàgbà, ó lè pa á.

"Ṣé ẹ ò lè kọ lẹ́tà fún mi?" mo bi í. "Pé mi ò lè gbà á?"

"Mo lè kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà ní pápákọ̀ òfurufú," ló wí. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ẹ̀fọn."

Mo sọ fún Màámi pé yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ni ìṣòro mi. Káàdì nìkan ni mo mẹ́nu bà. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà tí mo fẹ́ kúrò nílé, Màámi ló tẹ̀ lé mi lọ, ṣùgbọ́n káàdì náà ti sọnù níbí nígbà tí mo ń kó láti yàrá kan sí òmíràn.

"Ìyẹn nìkan?" ni Màámi wí. "Mo rò pé nǹkan burúkú ni. Ṣebí ojú mi ni wọ́n ṣe gún ẹ. Ìwé ló sọnù, abẹ́rẹ́ ò sọnù."

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, aládùúgbò kan tó ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀ níbí mú àpò ìwé kan wá fún mi. Yẹ́lò káàdì tuntun ló wà nínú rẹ̀, orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Màámi ti bá ọkùnrin kan ní Ọ̀ṣòdì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ọkùnrin náà kọ síbẹ̀ pé mo gba abẹ́rẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dára jù. Lójú Màámi, irọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n gún mi, òun rí i, ó ń tún ìwé ṣe ni.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ra abọ́ ńlá kan tó ní òdòdó lára fún ẹsẹ̀ wíwẹ̀, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi. Ní alẹ́, màá mú káàdì náà jáde, màá wò ó, ọkàn mi á balẹ̀. Lẹ́yìn náà màá rántí ẹ̀fọn, ọkàn mi á tún fò. Ohun tó dà mí láàmú jù ni pé mo mọ òtítọ́, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀, síbẹ̀ bí mo bá ti di ìwé yẹn mú, ó máa ń dà bí ẹni pé òtítọ́ kejì wà.

Àyẹ̀wò ọdún kejì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Jénì ní kí n kó gbogbo ìwé abẹ́rẹ́ mi wá. Mo kó wọn sínú fáìlì kan, yẹ́lò káàdì wà láàárín wọn. Títí di òní mi ò lè sọ bóyá mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni, tàbí mo fẹ́ kí ẹnìkan bá mi rí i.

Jénì ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bírò fàmì sí wọn. Lójijì ó dúró. Ó gbé káàdì náà súnmọ́ ojú.

"Ìgbà wo lo gba èyí?"

Mo na ọwọ́ láti gbà á padà.

"Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn nìyí. Ta ló gún ẹ? Ṣé orí ń fọ́ ẹ? Inú ńkọ́? Wo ọ̀kánkán, jẹ́ kí n rí ẹyinjú rẹ." Ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà ní iwájú orí mi, ó ti ń fi èkejì tẹ fóònù. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkan pé kí wọ́n wá ibùsùn, kí wọ́n pe dókítà wá kíákíá.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "kò sí abẹ́rẹ́."

"Káàdì rẹ̀ nìyí."

"Káàdì nìkan ni. Ẹnikẹ́ni ò gún mi. Mi ò kúrò níbí."

Ó wò mí, ó wo káàdì. Ó sọ fún ẹni tó wà lórí fóònù pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Ó jókòó.

"Ta ló ṣe é?"

"Ìyá mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rò pé ara tí wọ́n gún nígbà yẹn náà ni mo ṣì ń gbé."

Jénì gbé káàdì náà sílẹ̀ láàárín wa. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni káàdì yìí," ló wí, "ó lè pa ẹ́. Bó bá sì jẹ́ irọ́, tí o bá gbé e lọ, ẹ̀fọn kan ṣoṣo lè pa ẹ́. Ọdún méjì ni mo fi bá ẹ tọ́ àwọn ọmọ inú egungun rẹ yẹn. Má kó wọn lọ sógun kí wọ́n tó dàgbà."

Mi ò sọ pé ó ṣeun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní, "Kò yé mi. Ẹ ṣàlàyé fún mi. Nígbà wo ni wọ́n máa dàgbà?" Ó sì fa ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ṣàlàyé. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́, pé àyẹ̀wò ló máa sọ. Bí èsì bá dára, màá gba ti èéyi ná, tí òun náà ní kòkòrò láàyè nínú, ká wo bí ara ṣe gbà á. Ti ibà pọ́njú ṣì jìnnà díẹ̀. Mo fa káàdì náà ya níwájú rẹ̀, mo jù ú nù.

Nígbà tí mo wá pe Màámi lọ́jọ́ kejì, mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ sínú ìwé. Ràṣákì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni ń ka ìròyìn: pé mi ò ní lè wá, pé oògùn ti pa gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ́, ti ìgbà ìrìn àjò àti ti kékeré.

"Gbogbo rẹ̀?" ni Màámi wí.

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Ti ọjọ́ tí òjò pa wá bọ̀ láti ọsibítù Ìsọlọ̀? Tí mo bọ́ ìró mi bò ẹ́?"

"Ó ti lọ, mà."

"Ti ọjọ́ tí o sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, tí bàbá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ gbé ẹ lọ mọ́, tí mo tún jí gbé ẹ lọ?"

"Màámi, ẹ má bínú."

Ràṣákì dá sí i. "Màámi, bí fíríìjì ni. Tí mo bá ti fọ inú rẹ̀ mọ́, tí mo rọ gáàsì tuntun..."

"Ọmọ mi kì í ṣe fíríìjì." Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń béèrè iye tí fìlà ọmọdé jẹ́, tí Màámi ní kó ní sùúrù. "Abẹ́rẹ́ tí mo gbé Ràṣákì lọ gbà ńkọ́? Kí ló dé tí ìyẹn ò bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá?"

"Wọ́n ní ó bá a wá díẹ̀, mà. Wọ́n ní kì í pẹ́ kó tó gbàgbé."

"Ta ló fi bò mí láti ọjọ́ yìí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa rò pé iṣẹ́ yín ti ṣòfò."

"Òfò wo?" ni Màámi wí. "Ṣebí òun ló gbé ẹ dàgbà dé ibi tí wọ́n ti wá pa á rẹ́." Lẹ́yìn náà ó ní kí n dúró, ó dá obìnrin onífìlà lóhùn, ó tà á. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ dà bíi ti tẹ́lẹ̀. "Àwọn tí o ti gbà níbẹ̀, ọjọ́ wo àti ọjọ́ wo ni? Ràṣákì, fún mi ní bírò."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, orí fóònù ni mo wà, Màámi ló gbé e lọ́wọ́. Mo rí ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo rí Bùṣírá pẹ̀lú ìbòrí funfun, ó dúró síta, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé omi wá. Àwọn obìnrin àdúgbò ń bi ara wọn pé ta ló fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Aládùúgbò wa, Ìyá Sàmú, ti ń ká apá aṣọ rẹ̀.

"Ẹ dúró," ni Ràṣákì wí. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó kó o lé Ìyá Sàmú lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ sídìí omi.

Ẹ̀rín bẹ́. "Ọkọ ìyàwó, dìde," ni obìnrin kan wí. "Iṣẹ́ obìnrin ilé nìyẹn."

"Obìnrin ilé náà ni mò ń jíṣẹ́ fún."

"Láti ìgbà wo lo ti di obìnrin?"

"Àǹtí mi ni mo ṣojú fún. Ẹ bi àwọn dókítà. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti tiwọn, wọn ò ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

"O ti di ọ̀gá lórí rẹ̀, Bùṣírá," ni Ìyá Sàmú wí. "Ọkọ tó mọ ẹsẹ̀ wẹ̀, kí lo tún fẹ́ kọ́ ọ?"

Màámi gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀. Ràṣákì gbójú sókè wò mí. Òógùn ti bò ó lójú. "Àǹtí mi, ẹsẹ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ mú?"

"Ọ̀tún," mo ní. "Rọra. Má dà á lé aṣọ rẹ̀."

Ó rọra. Bùṣírá ń rẹ́rìn-ín nítorí ó ń rìn ín, ó di èjìká ọkọ rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Mo wo ọwọ́ Ràṣákì nínú omi. Mo ti ń bi ara mi láti ọdún méjì pé ta ló ń gbé inú ta. Lọ́jọ́ yẹn náà mi ò rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tutù, àwa méjèèjì sì jọ ń sọ "ó tó" lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹsẹ̀ òsì mọ́.

Èsì àyẹ̀wò jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e, Jénì sì gún mi ní abẹ́rẹ́ èéyi. Mo pe Màámi láti ìta ọsibítù.

"Ṣé o sunkún?" ni Màámi bi mí.

"Díẹ̀, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe nígbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ara rẹ bá gbóná, má bẹ̀rù, ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó ti ọmọ kan tó ń sín, mi ò dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, Màámi ní kí Bùṣírá ya fọ́tò káàdì ìgbà ọmọdé mi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọjọ́ àtijọ́ tí yíǹkì wọn ti ṣá, Màámi ti fi rúlà fa ìlà tuntun, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ọjọ́ tí mo gba abẹ́rẹ́ níbí sí i, lẹ́tà ńlá ńlá, kò sí èyí tó fò. Ti èéyi ló wà nísàlẹ̀, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ "ibà pọ́njú", ó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo, ó sì fi bírò kọ ọ́ síwájú àyè náà pé: abọ́ olódòdó rẹ ṣì wà níbẹ̀, gbé e bọ̀.